Àbùjá tó ṣìnà lórí Start menu: àwọn ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí àti ìdáhùn wọn

Kọ̀ǹpútà ni mo ń tún ṣe. Ẹni tó bá gbé tirẹ̀ wá kì í sábà sọ pé àbùjá òun ló bàjẹ́. Ohun tí mo máa ń gbọ́ ni "ètò mi ti sọnù", tàbí "mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò dáhùn". Bí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò, ètò náà wà níbi tó ti wà látọjọ́ pípẹ́. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ló dí. Ohun tí Windows ń pè ní shortcut ni èmi ń pè ní àbùjá níbí. Start menu ni àtòjọ ètò tó ń jáde bí ẹ bá tẹ àmì Windows. Windows 10 àti 11 ni mo ń bá wí jù. Òótọ́ ni pé Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àmọ́ ó ṣì kún ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ bọ́tìnnì ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ má baà máa wá ohun tí kò sí níbẹ̀.

Kí ni àbùjá yìí gan-an?

Fáìlì kékeré kan ni. Orúkọ rẹ̀ parí sí .lnk, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Windows máa ń fi ìparí náà pamọ́. Adírẹ́sì ibi tí ètò wà ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú fódà tí ètò yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwòrán tí yóò fi hàn, àti nǹkan díẹ̀ mìíràn. Ètò fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ẹ fi í wé pátákó tí wọ́n kàn mọ́ igi ní oríta, tí wọ́n kọ "Ilé Alhaja, apá ọ̀tún" sí. Bí ẹnì kan bá yọ pátákó yẹn, ilé Alhaja ò wó. Bí Alhaja bá sì kó lọ sí àdúgbò mìíràn, pátákó lè má mọ̀. Apá ọ̀tún náà ni yóò ṣì lè máa tọ́ka sí. Ọdún 1995 ni Start menu dé pẹ̀lú Windows 95, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan sì ṣe rí títí di òní.

Níbo ni àwọn àbùjá tó wà lórí Start menu ń gbé?

Inú fódà méjì, Windows ló ń da méjèèjì pọ̀ kí ẹ lè rí wọn bí ẹyọ kan. Ti gbogbo ilé wà ní C:\ProgramData\Microsoft\Windows\Start Menu\Programs. Tiyín nìkan wà lábẹ́ orúkọ yín nínú C:\Users, ní AppData\Roaming\Microsoft\Windows\Start Menu\Programs. Fódà ProgramData àti AppData máa ń fara pamọ́, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ẹ tẹ Windows àti R pọ̀ lórí kíbọọ̀dù kí àpótí Run lè ṣí, kí ẹ kọ shell:common programs fún ti gbogbo ilé, tàbí shell:programs fún tiyín, kí ẹ tẹ Enter. Ẹ ti débẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ètò tí ẹ gbà láti Microsoft Store kì í sábà ní fáìlì .lnk nínú méjèèjì. Shell:AppsFolder lẹ ó ti rí àwọn yẹn, pa pọ̀ mọ́ àwọn yòókù.

Mo tẹ àbùjá, wọ́n ní ohun tó ń tọ́ka sí ti yí padà tàbí ti kúrò níbi tó wà, ṣé kí àwọn pa àbùjá náà rẹ́. Ṣé kí n gbà?

Bí ẹ bá gbà, àbùjá nìkan ló máa lọ. Kò sí iṣẹ́ yín kankan tó máa bá a lọ, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbà, torí adírẹ́sì tó wà nínú àbùjá yẹn ni yóò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín.

Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ orúkọ ètò náà lórí Start menu, kí ẹ yan Open file location. Nígbà mìíràn, pàápàá lórí Windows 10, abẹ́ More ló wà. Fódà tí àbùjá wà nínú rẹ̀ yóò ṣí. Ẹ tún fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ àbùjá náà níbẹ̀, ẹ yan Properties, kí ẹ ka ohun tó wà níwájú Target. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà tí àbùjá bá ṣe yín ní wàhálà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń tún nǹkan ṣe láìkọ́kọ́ ka Target, àbá lásán ló ń dá.

Bí Target bá ní C:\Program Files, tí fódà yẹn ò sì sí mọ́, ẹnì kan ti yọ ètò náà tàbí ti gbé fódà rẹ̀ kúrò. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ wá àyè sílẹ̀ lórí dísíìkì rẹ̀, tó wá fa odidi fódà ètò ìṣirò owó sórí flash bí ìgbà tí èèyàn ń kó ẹrù. Ẹ dá a padà síbi tó wà, àbùjá yóò ṣiṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ètò ọ̀hún bá ti lọ pátápátá, ẹ tún un fi sórí ẹ̀rọ. Àbùjá tuntun yóò bá a wá.

Bí Target bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E: tàbí F:, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ètò yín wà lórí hard disk tí ẹ ń tì bọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́. Windows ló ń pín lẹ́tà fún àwọn dísíìkì bẹ́ẹ̀; bí ẹ bá kọ́kọ́ ti flash bọ̀ ọ́ lónìí, flash lè gba E, kí hard disk wá di F. Ètò wà, dísíìkì wà, lẹ́tà ló yí. Ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ diskmgmt.msc, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ dísíìkì náà, ẹ yan Change Drive Letter and Paths, kí ẹ fún un ní lẹ́tà tó jìnnà bíi P tàbí T. Flash kò ní bá a du ìyẹn.

Lánàá ó ṣiṣẹ́, lónìí wọ́n ní kò sí. N kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Mo gbà yín gbọ́. Ó lè jẹ́ antivirus, ètò tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì, ló fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣí Windows Security, ẹ wọ Virus & threat protection, kí ẹ wo Protection history. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti gbé fáìlì ètò yín sí àtìmọ́lé, orúkọ rẹ̀ máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó mú un.

Kí ẹ tó tẹ Restore, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí ètò náà ti wá. Bí ẹ bá rà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, tàbí ẹ gbà á láti ojúlé rẹ̀, antivirus lè ṣì í mú. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi crack (fáìlì tó ń jẹ́ kí ètò ṣí láìsanwó) ṣí ni, tí ẹnì kan dà sórí flash fún yín, èmi ò ní bá yín tẹ Restore. Mo mọ̀ pé owó ètò ìyàwòrán wọ́n fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Àmọ́ fáìlì crack yẹn kan náà ni àwọn ọ̀bàyéjẹ́ máa ń gbà wọlé, ìwé ilé ìfowópamọ́ yín sì lè wà lórí ẹ̀rọ yẹn.

Nígbà mìíràn, antivirus máa ń ṣi ẹni mú lóòótọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2023, Microsoft fi update kan ránṣẹ́ sí Defender, antivirus tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òfin tó wà láti fi dènà macro Office (àwọn àṣẹ kéékèèké inú fáìlì Word àti Excel) wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa àbùjá rẹ́ lórí Start menu, lórí Desktop àti lórí taskbar, ní àwọn ilé iṣẹ́ tó ti tan òfin yẹn sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọn ò rí Word, wọn ò rí Excel. Ètò wọn ò lọ síbì kankan. Pátákó oríta nìkan ni wọ́n yọ. Microsoft fa òfin náà sẹ́yìn, wọ́n sì gbé àkọsílẹ̀ àṣẹ kan fún PowerShell jáde tó ń tún àbùjá àwọn ètò tó gbajúmọ̀ ṣe. Ẹni tó mọ ibi tí .exe, fáìlì ètò fúnra rẹ̀, wà kò tilẹ̀ nílò kó dúró dè wọ́n.

Àwòrán ètò mi ti di bébà funfun, tàbí ó ń gbé àwòrán ẹlòmíì.

Bí ó bá ṣì ń ṣí, kò sóhun tó ṣe ètò náà. Windows máa ń fi ẹ̀dà àwọn àwòrán wọ̀nyí pamọ́ kí ó má baà máa wá wọn lójoojúmọ́, ẹ̀dà yẹn ló dàrú. Ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ ie4uinit.exe -show, ẹ tẹ Enter. Bí kò bá gbọ́, ẹ restart. Bí ó bá ṣì lágídí, ẹ lọ sí Properties, ẹ tẹ Change Icon, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín mú àwòrán fún un.

Gbogbo àbùjá mi ló ń ṣí ètò kan ṣoṣo! Mo tẹ Word, Notepad ló ṣí. Mo tẹ Chrome, Notepad náà ni.

Èyí máa ń dẹ́rù ba èèyàn, ó sì rọrùn láti tún ṣe. Ẹnì kan ló yan "Open with" fún àbùjá, tó wá ní kí Windows máa fi Notepad ṣí gbogbo irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Windows ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe: ó ń ka pátákó dípò kó rin ọ̀nà tí pátákó ń tọ́ka sí. Orí Windows 7 ni mo ti bá a pàdé jù.

Àbùjá ò ní ṣiṣẹ́, nítorí náà Windows àti R náà lẹ máa lò. Ẹ kọ regedit, ètò tó ń ṣí ibi tí Windows ń kọ àwọn ìlànà rẹ̀ sí. Ẹ rìn lọ sí HKEY_CURRENT_USER\Software\Microsoft\Windows\CurrentVersion\Explorer\FileExts\.lnk. Bí ẹ bá rí UserChoice lábẹ́ rẹ̀, òun nìkan ni kí ẹ pa rẹ́. Ẹ jáde kúrò nínú account yín (Sign out), kí ẹ tún wọlé. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ohun mìíràn nínú regedit. Kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́ níbẹ̀, ẹ lo File, Export, kí ẹ ní ẹ̀dà.

Mo ti flash mi bọ kọ̀ǹpútà ní business centre. Nígbà tí mo délé, gbogbo fódà mi ti di àbùjá.

Ẹ kú ewu. Kì í ṣe orí Start menu lèyí wà, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ń bi mí jù lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì ni. Ohun tó ṣe ni pé ó fún àwọn fódà yín ní àmì ìfarapamọ́ àti àmì fáìlì Windows, ojú yín ò wá lè rí wọn mọ́. Ó wá ṣe àbùjá kan fún fódà kọ̀ọ̀kan, orúkọ kan náà, àwòrán fódà kan náà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, àbùjá náà á kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ibi tirẹ̀, lẹ́yìn náà á ṣí fódà gidi fún yín kí ẹ má baà fura. Ọgbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá wo Properties, Target ò ní jẹ́ fódà. Ẹ máa rí cmd tàbí wscript, àwọn ètò Windows tó ń ṣe àṣẹ, níbẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ yín ò sọnù. Ẹ má fọ́máàtì flash náà. Ẹ má sì tẹ àbùjá kankan lórí rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ kọ́kọ́ wẹ̀, kì í ṣe flash. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà, ìṣẹ́jú tí ẹ bá ti flash bọ̀ ọ́ padà ni yóò tún kó o. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc kí Task Manager lè ṣí, kí ẹ wò ó bóyá wscript.exe ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá wà, ẹ fi End task pa á. Ẹ wo Startup apps níbẹ̀ náà fún orúkọ tí ẹ ò mọ̀, kí ẹ sì kọ shell:startup sínú Run láti wo ohun tó sá pamọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, nínú Windows Security, ẹ yan Scan options, ẹ mú Microsoft Defender Offline. Kọ̀ǹpútà á pa ara rẹ̀, á tàn, á sì yẹ ara rẹ̀ wò kí Windows tó jí. Ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 15. Ẹ rí i pé iná wà, tàbí kí bátìrì kún.

Ìgbà yẹn lẹ ó wá ti flash bọ̀ ọ́. Bí lẹ́tà rẹ̀ bá jẹ́ F, ẹ ṣí Command Prompt (ẹ kọ cmd sínú Run), ẹ kọ:

attrib -h -r -s /s /d F:\*.*

Àwọn fódà yín á jáde síta. Ẹ wá pa àwọn àbùjá tó wà lórí flash rẹ́, pẹ̀lú fáìlì tó bá parí sí .vbs tí ẹ̀yin kọ́ lẹ fi síbẹ̀.

Àbùjá kì í ṣe nǹkan ẹ̀rín lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ibi. Ọdún 2010 ni ayé gbọ́ nípa fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Stuxnet, tó ba ẹ̀rọ jẹ́ ní ibùdó átọ́míìkì Natanz ní Iran. Ọ̀kan nínú ọ̀nà tó gbà wọ kọ̀ǹpútà ni àbùjá orí flash: kò tilẹ̀ béèrè pé kí ẹ tẹ̀ ẹ́, bí Windows bá ti ń gbìyànjú láti fi àwòrán rẹ̀ hàn, ó ti wọlé. Microsoft dí ihò yẹn ní oṣù kẹjọ ọdún náà.

Start menu fúnra rẹ̀ ò ṣí mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, kò sí nǹkan kan.

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc. Nínú Task Manager, ẹ wá Windows Explorer, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Restart. Ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn díẹ̀, á tún padà. Bí kò bá gbọ́, ẹ wá StartMenuExperienceHost.exe lábẹ́ Details, kí ẹ fi End task pa á. Windows fúnra rẹ̀ ni yóò tún un gbé dìde. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wàhálà ń parí síbẹ̀.

Bí kò bá parí, ẹ bi ara yín bóyá iná lọ lójijì nígbà tí Windows ń ṣe update. Desktop tí kò ní UPS máa ń jìyà yìí gan-an: fáìlì tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ dúró sí ìdajì. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ kọ sfc /scannow, kí ẹ ní sùúrù títí yóò fi dé 100%. Bí ó bá ní òun rí ìbàjẹ́ tí òun ò lè tún ṣe, ẹ kọ DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth, kí ẹ sì tún sfc náà ṣe lẹ́yìn rẹ̀. DISM máa ń fa fáìlì láti íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹ má ṣe é lórí dátà tó kù táńtán.

Ohun tó kẹ́yìn tí mo máa ń ṣe ni kí n dá account tuntun sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà. Bí Start menu bá ṣí dáadáa níbẹ̀, account àtijọ́ ló dàrú, Windows kọ́. Ẹ kó iṣẹ́ yín sínú tuntun, kí ẹ máa bá a lọ.

Oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní àfi kí òun fọ́máàtì rẹ̀.

Nítorí àbùjá? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Fọ́máàtì yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, yóò sì tún yanjú àwòrán ìgbéyàwó yín, ìwé àṣẹ ètò tí ẹ fowó rà, àti èsì ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé tí ẹ ò tíì fi sórí nǹkan mìíràn. Ẹ ní kó kọ́kọ́ fi Target hàn yín. Bí kò bá mọ ibi tó wà, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí mo bá tẹ Chrome, ojúlé kan tí n kò mọ̀ rí ló máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Ẹ ka Target. Ó yẹ kó parí síbi chrome.exe àti àmì ìfàyọ tó tẹ̀ lé e. Bí adírẹ́sì ojúlé kan bá wà lẹ́yìn ìyẹn, ètò ọ̀fẹ́ kan tí ẹ fi sórí ẹ̀rọ ló so ó mọ́ ọn. Ẹ pa àlékún náà rẹ́, ẹ tẹ OK. Àbùjá orí Desktop àti ti taskbar wà lọ́tọ̀, ẹ wo àwọn náà. Bí ó bá tún padà lọ́la, ètò ọ̀fẹ́ yẹn ṣì wà lórí ẹ̀rọ, òun ni kí ẹ lọ yọ.

Ètò ṣí, ṣùgbọ́n ó ní òun ò rí àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ètò àtijọ́ ló máa ń ṣe báyìí, pàápàá èyí tí ẹnì kan kọ fún iléèwé tàbí ṣọ́ọ̀bù nígbà kan. Ẹ wo Start in nínú Properties. Bí ó bá ṣófo, ètò náà lè máa wá fáìlì rẹ̀ níbi tí kò sí. Ẹ kọ fódà tí .exe wà síbẹ̀.

Mo fi ètò sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, èmi rí i, akọ̀wé mi ò rí i nínú account tirẹ̀.

Inú fódà tiyín ni àbùjá rẹ̀ bọ́ sí. Ẹ daakọ rẹ̀ láti shell:programs sí shell:common programs. Windows á béèrè àṣẹ administrator. Ṣùgbọ́n ẹ ka Target kí ẹ tó ṣe é. Bí ó bá wà nínú AppData lábẹ́ orúkọ yín, ètò fúnra rẹ̀ ti wọ yàrá yín, akọ̀wé á rí àbùjá, ilẹ̀kùn ò sì ní ṣí fún un. Kí òun náà fi ètò ọ̀hún sínú account tirẹ̀ ló kù.

Mo ti yọ ètò kan, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí Start menu.

Ẹ lo Open file location, kí ẹ pa á rẹ́.

Ó gbà mí ní odidi ọ̀sán kan láti to Start menu Windows 11 mi. Ṣé mo lè tọ́jú rẹ̀?

Ẹ lè tọ́jú rẹ̀. Láti ẹ̀dà 22H2, fáìlì start2.bin ni ìtò náà wà. Ẹ kọ %LocalAppData%\Packages sínú Run, ẹ ṣí fódà tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Microsoft.Windows.StartMenuExperienceHost, kí ẹ wọ LocalState. Ẹ daakọ start2.bin sórí flash tí ẹ mọ̀ pé ó mọ́. Ọjọ́ tí ìtò bá dàrú, ẹ dá a padà síbẹ̀, kí ẹ fi Task Manager pa StartMenuExperienceHost.exe kó lè tún un kà.